Orí Kẹfà: Ta Ní Ń Ṣọ́ Ọ̀pá Gáàsì?

Gáàsì tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ tó máa ń gba gbogbo ilé bí gáàsì bá ń jò, ènìyàn ló pò ó mọ́ ọn, òfin ló sì ní kí wọ́n pò ó.

Ohun tó fa òfin náà rèé. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 1937, gáàsì jò sí abẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú New London, ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Ó kún abẹ́ ilé náà, olùkọ́ kò fura, akẹ́kọ̀ọ́ kò fura, nítorí kò sí ohun tí imú lè gbọ́. Iná tó ṣẹ́ lára ẹ̀rọ kan ràn mọ́ ọn, ilé náà sì bú gbàmù. Àwọn tó kú súnmọ́ 300, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba Texas fi pàṣẹ pé kí wọ́n máa po èròjà olóòórùn mọ́ gáàsì.

Bí ọ̀pọ̀ òfin ọ̀pá gáàsì ṣe wáyé nìyẹn: ikú ló ṣáájú, òfin ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Òfin tó wà nínú ìwé kò lè dá iná dúró. Ẹni tó ń gba ẹ̀mí là ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó lọ wo irin náà, tó dán an wò, tó sì ní agbára láti ti ọ̀pá pa bí kò bá dára. Níbi tí ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí, òfin di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìtàn tí a fẹ́ sọ nínú orí yìí ni ẹ̀rí rẹ̀.

Bí gáàsì ṣe ń rìn

Methane ló pọ̀ jù nínú gáàsì àdánidá. Láti ibi tí wọ́n ti ń wà á dé ibi tí wọ́n ti ń lò ó, inú ọ̀pá ló ń gbà. Àwọn ọ̀pá irin ńlá ló ń gbé e rin ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rọ alágbára ló sì ń fún un pọ̀ sínú wọn kí ó lè rìn. Bí ó bá dé ẹ̀bá ìlú, ẹ̀rọ mìíràn á dín agbára rẹ̀ kù kí ó tó wọ àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí ojúlé.

Agbára tí gáàsì fi ń ti ara ọ̀pá là ń pè ní ìfúnpá. Òun ló ń gbé gáàsì rìn, òun náà ló sì ń wá ibi tí irin ti rọ̀ kó lè gbabẹ̀ jáde. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń ṣí ọ̀nà fún un. Àkọ́kọ́ ni kí irin dógùn-ún títí yóò fi fẹ́lẹ́. Èkejì ni ojú ìjó tí wẹ́dà kò jó dé inú. Ẹ̀kẹta ni katakátá tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni kí ìfúnpá ga ju ohun tí ọ̀pá lè gbà lọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà bo ara irin, wọ́n sì máa ń rán iná mànàmáná díẹ̀ sí i kí ó má bàa dógùn-ún. Wọ́n máa ń rán ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan gba inú ọ̀pá kọjá, kí ó lè sọ ibi tí irin ti fẹ́lẹ́. Ìdánwò tó le jù lọ ni ti omi. Wọ́n á lé gáàsì kúrò nínú ọ̀pá, wọ́n á rọ omi kún un, wọ́n á wá máa fún omi náà títí ìfúnpá rẹ̀ yóò fi ga ju èyí tí gáàsì máa lò lọ. Bí ọ̀pá kò bá lágbára, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ́, omi ni yóò sì tú jáde dípò iná.

Gbogbo èyí ló ń náni lówó. Ilé iṣẹ́ tó ni ọ̀pá ni yóò san owó náà, àmọ́ bí kò bá san án, àwọn tó ń gbé lórí ọ̀pá ni ìyà rẹ̀ máa jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pá wà lábẹ́ ilé àwọn. Wọn kò lè rí i, wọn kò lè dán an wò, wọn kò sì lè mọ ọdún tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀pá gáàsì fi di ti ìjọba. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Òfin ọdún 1968 àti àlàfo inú rẹ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Amẹ́ríkà kò ní òfin àpapọ̀ lórí ààbò ọ̀pá gáàsì. Àwọn ilé iṣẹ́ ló ń kọ ìlànà ara wọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 1965, ọ̀pá ńlá kan bẹ́ nítòsí ìlú Natchitoches ní Louisiana, ènìyàn 17 sì kú. Ní 1968, Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin ààbò ọ̀pá gáàsì àkọ́kọ́ tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Lónìí, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ PHMSA ló ń gbé ìlànà kalẹ̀ lórí bí irin ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ jó o pọ̀, àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pá tí kò bá kọjá ààlà ìpínlẹ̀ kan, àjọ ìpínlẹ̀ náà ló sábà máa ń bẹ̀ ẹ́ wò, bí PHMSA bá ti fún un ní ìwé àṣẹ. Ìpínlẹ̀ lè ṣe òfin tó le ju ti àpapọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè ṣe èyí tó rọ̀ jù ú lọ.

Ètò náà dára, àmọ́ àlàfo kan wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀pá tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ kí òfin tó dé kò bọ́ sábẹ́ ìdánwò omi. Ohun tí wọ́n ṣe fún wọn ni pé kí ilé iṣẹ́ wo ìwé rẹ̀, kí ó wá ìfúnpá tó ga jù lọ tí ọ̀pá náà ti lò láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1970, kí ó sì fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n. Ohun tí kò tíì pani títí di ìgbà yẹn ni wọ́n gbà pé kò ní pani mọ́. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ìlú kan san gbèsè àlàfo yìí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní San Bruno

San Bruno jẹ́ ìlú kékeré kan nítòsí San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California. Ọ̀pá kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 30, tí wọ́n ń pè ní Line 132, gba abẹ́ àdúgbò Crestmoor kọjá. Ilé iṣẹ́ Pacific Gas and Electric, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PG&E, ló ni ín. Ọdún 1956 ni wọ́n ri apá tó gba ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2010, àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ lórí iná mànàmáná ní ibùdó Milpitas, níbi tí wọ́n ti ń darí gáàsì sínú ọ̀pá náà. Iṣẹ́ yẹn dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn fáàfù tó ń ṣàkóso ìfúnpá sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìfúnpá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó ti dé 386 ní ìwọ̀n ìfúnpá tí wọ́n ń pè ní PSI ní San Bruno, ọ̀pá sì bẹ́. Òdiwọ̀n tó wà nínú ìwé fún ọ̀pá náà jẹ́ 400. Ìyẹn ni pé ìfúnpá náà kò tíì kọjá ohun tí ìwé sọ pé ó lè gbà.

Ìbúgbàmù náà gbẹ́ kòtò tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 72, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 26. Odidi ègé ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 28 já jáde látinú ilẹ̀, ó sì lọ balẹ̀ sí ibi tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Nítorí pé pápákọ̀ òfurufú wà nítòsí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ rò pé bàálù ló já. Àwọn panápaná dé, ṣùgbọ́n iná tí gáàsì ń bọ́, omi kì í pa á. Àfi kí wọ́n ti gáàsì náà láti orísun rẹ̀. Fáàfù tó lè ti í kò ṣeé ti láti ọ̀nà jíjìn, kò sì lè ti ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní láti wakọ̀ dé ìdí rẹ̀ kí ó fi ọwọ́ yí i. Ìṣẹ́jú 95 ni gáàsì fi ń jó kí wọ́n tó rí i dá dúró. Ènìyàn mẹ́jọ kú, ilé 38 jó di eérú, ilé 70 mìíràn sì bàjẹ́.

Ìwé sọ tirẹ̀, irin sọ tirẹ̀

NTSB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wádìí ìjàm̀bá, gbé irin tó fò jáde náà lọ síbi àyẹ̀wò. Nínú àkọsílẹ̀ PG&E, ọ̀pá tí kò ní ojú ìjó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ohun tí àwọn olùwádìí bá lára irin yàtọ̀ pátápátá. Ègé kéékèèké mẹ́fà ni wọ́n jó pọ̀ níbẹ̀, òmíràn nínú wọn sì ní ojú ìjó ní ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ pé ìta nìkan ni wọ́n ti jó o, tí iná wẹ́dà kò wọ inú rẹ̀ tán. Irin bẹ́ẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n ń béèrè ní 1956 pàápàá, áńbọ̀sìbọ́sí lónìí. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ló fi wà lábẹ́ ilé àwọn ènìyàn.

Èyí tó yẹ kó dun gbogbo wa ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ìbá ti tú àṣírí náà. NTSB rí i pé nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pá yìí, kò sí ilé iṣẹ́ kankan ní Amẹ́ríkà tó ní ìwé ẹ̀rí láti ṣe ọ̀pá aláìlójú-ìjó tó fẹ̀ ní ínǹṣì 30. Ohun tí kò sí lọ́jà ni àkọsílẹ̀ sọ pé wọ́n rì mọ́lẹ̀. Olùbẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó bá ti ka ìlà yẹn, ìbá ti sọ pé, “Ẹ gbẹ́ ibẹ̀, kí n rí i.” Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí NTSB gbé èsì ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2011, kì í ṣe ilé iṣẹ́ nìkan ló dá lẹ́bi. Ó dá àjọ California tó ń ṣe àmójútó ilé iṣẹ́ iná àti gáàsì lẹ́bi, nítorí kò rí àwọn àìpé tó wà lọ́wọ́ PG&E. Ó dá ìjọba àpapọ̀ náà lẹ́bi nítorí àlàfo tó yọ àwọn ọ̀pá àtijọ́ kúrò nínú ìdánwò.

Ní 2014, ọ̀rọ̀ mìíràn tún jáde. PG&E fúnra rẹ̀ kéde pé àwọn aláṣẹ òun ti ń bá àwọn ènìyàn inú àjọ California sọ̀rọ̀ lọ́nà tí kò tọ́, lórí irú adájọ́ tí wọn yóò yàn fún ẹjọ́ ilé iṣẹ́ náà. Ó lé aláṣẹ mẹ́ta kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Olùbẹ̀wò tó bá sọ ara rẹ̀ di ọ̀rẹ́ ẹni tó ń bẹ̀ wò, ojú á máa tì í láti sọ òótọ́, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni yóò sì fi ẹ̀mí rẹ̀ san án.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba

Bí olùbẹ̀wò PHMSA bá rí àìdára, ìgbésẹ̀ rẹ̀ máa ń bá bí ọ̀ràn náà ṣe wúwo tó mu. Ó lè kọ ìwé ìkìlọ̀. Ó lè ní kí ilé iṣẹ́ tún ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ kọ. Ó lè fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́, kí ilé iṣẹ́ wá wí tẹnu rẹ̀, lẹ́yìn èyí kí ó san owó ìtanràn. Bí ewu bá ti dé tán, àjọ náà lè pàṣẹ lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n dín ìfúnpá kù, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 20 nínú 100, tàbí kí wọ́n ti ọ̀pá náà pa títí wọn yóò fi tún un ṣe. Bí ilé iṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin, ó di ẹjọ́ ọ̀daràn.

Nínú gbogbo wọn, àṣẹ láti dín ìfúnpá kù tàbí láti ti ọ̀pá pa ni mo gbà pé ó lágbára jù, nítorí pé kí ènìyàn tó kú ló ti ń ṣiṣẹ́. Owó ìtanràn, lẹ́yìn òkú ló sábà máa ń dé. Nígbà ìjàm̀bá San Bruno, owó tó pọ̀ jù lọ tí PHMSA lè gbà jẹ́ 100,000 dọ́là fún ẹ̀ṣẹ̀ kan lójúmọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ fún ẹ̀ṣẹ̀ tó so pọ̀ mọ́ra. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012 sọ iye méjèèjì di ìlọ́po méjì. Fún ilé iṣẹ́ tó ń pa bílíọ̀nù dọ́là wọlé lọ́dọọdún, owó kékeré nìyẹn.

Ìpínlẹ̀ California ló wá mú un le. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ó bu ìtanràn bílíọ̀nù 1.6 dọ́là lé PG&E lórí. Nínú owó náà, ó ní kí ilé iṣẹ́ fi mílíọ̀nù 850 tún àwọn ọ̀pá ṣe, kí owó náà sì ti àpò àwọn tó ni ilé iṣẹ́ jáde, kì í ṣe àpò oníbàárà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá PG&E lẹ́bi lórí ẹ̀sùn mẹ́fà: márùn-ún jẹ́ ti rírú òfin ààbò ọ̀pá, ẹyọ kan jẹ́ ti dídí ìwádìí NTSB lọ́wọ́. Ìtanràn tí òfin gba adájọ́ láyè láti bù jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là péré. Kò sí ènìyàn kankan tí wọ́n gbé lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà; orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ló jẹ́jọ́.

Ìfàsẹ́yìn náà ń pani

Ní 2011, California pàṣẹ pé kí wọ́n dán gbogbo ọ̀pá ńlá tí kò ní ẹ̀rí ìdánwò wò, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kò yára bẹ́ẹ̀. Ọdún 2019 ni ìlànà rẹ̀ lórí àwọn ọ̀pá àtijọ́ jáde, ó sì fún àwọn ilé iṣẹ́ ní àyè títí di 2035 láti parí iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ fáàfù tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1994, ọ̀pá kan bẹ́ ní Edison, ní New Jersey, ó sì gbà wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ kí wọ́n tó dá gáàsì dúró. Láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé fáàfù afọwọ́yí kò tó. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, fáàfù afọwọ́yí ni wọ́n ṣì ń sáré lọ tì fún San Bruno. Ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ tó fi sí òfin pé fáàfù tó ṣeé ti láti ọ̀nà jíjìn tàbí tó lè ti ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì ti láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọ̀pá bẹ́. Kódà, ọ̀pá tuntun tàbí èyí tí wọ́n pààrọ̀ nìkan ni òfin náà mú.

Láàárín ìgbà tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ìjàm̀bá mìíràn wáyé. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, ilé iṣẹ́ Columbia Gas ń pààrọ̀ ọ̀pá àtijọ́ ní Massachusetts. Ẹ̀rọ tó ń wo ìfúnpá ṣì wà lára ọ̀pá tí wọ́n ti pa tì. Bí ìfúnpá ọ̀pá yẹn ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ náà rò pé gáàsì kò tó, ó sì ń rọ́ gáàsì alágbára sínú ilé àwọn ènìyàn ní Lawrence, Andover àti North Andover. Iná sọ káàkiri ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ọdún méjìdínlógún kan sì kú. Ní ìgbà náà, òfin Massachusetts kò sọ ọ́ di dandan pé kí ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ buwọ́ lu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí ni wọ́n sọ ọ́ di dandan. Ilé iṣẹ́ náà jẹ̀bi ní ilé ẹjọ́, ó sì san ìtanràn mílíọ̀nù 53 dọ́là.

Ó kan àwa náà

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Gáàsì láti Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta ń gba inú ọ̀pá wá sí ẹkùn Èkó, òun ló sì ń gbé ẹ̀rọ mànàmáná Egbin ṣiṣẹ́. Ní Ìtòkí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni Ọ̀pá Gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba Badagry wọ inú òkun, ó yà sí Kútọnu àti Lomé, ó sì lọ dé Tema àti Takoradi ní Gánà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678. Ní 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi kan já a ní etíkun Lomé, gáàsì kò sì lọ mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló pawọ́ pọ̀ dá àjọ tó ń ṣe àmójútó rẹ̀ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 gbé àmójútó ọ̀pá tó ń gbé gáàsì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lò ó lé àjọ NMDPRA lọ́wọ́. Nítorí náà, òfin wà, àjọ sì wà. Ohun tí San Bruno kọ́ wa ni pé California náà ní méjèèjì.

Ìwọ tí ò ń gbé nítòsí ọ̀pá gáàsì, má ṣe kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni ín. Bí o bá gbóòórùn gáàsì, tí o gbọ́ ìró bíi ti afẹ́fẹ́ tó ń sá jáde nínú ilẹ̀, tàbí tí o rí omi tó ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀ láìsí iná, kó ìdílé rẹ kúrò. Má tan iná, má pa iná, má sì lo fóònù títí o ó fi jìnnà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, pe àwọn panápaná.

Ṣùgbọ́n má dúró di ìgbà tí ó bá jò. Nígbà tí alága ìjọba ìbílẹ̀ tàbí aṣòfin bá wá bẹ̀ ọ́ fún ìbò, bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ọdún wo ni wọ́n ri ọ̀pá àdúgbò wa mọ́lẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n dán an wò kẹ́yìn, ta ló sì dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe é? Bí ó bá bẹ́ lónìí, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà kí wọ́n tó ti gáàsì? Bí kò bá mọ̀, kó lọ béèrè, kó sì padà wá jíṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè nígbà tí gbogbo wa ṣì wà láàyè láti gbọ́ èsì.